Ọ̀rá Ojú Ẹ̀rọ Aṣọ́ná

Ohun tí mo kọ́kọ́ kórìíra ní Àbújá ni ariwo tí àga ń pa. Kì í ṣe erukutu pupa tó ń wọ eyín ẹni nígbà ọyẹ́, kì í sì í ṣe oúnjẹ ilé-oúnjẹ òṣìṣẹ́ tó ń rùn bí aṣọ tí kò gbẹ. Àga ni. Gbogbo àga ilé-iṣẹ́ wa ló wọ ọ̀rá tó bá wọn ti ìsọ̀ wá, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ bọ́ ọ. Bí o bá jókòó, á ké. Bí o bá fẹ́ dìde, á lẹ̀ mọ́ ọ nídìí, á sì tún ké nígbà tó bá ń jù ọ́ sílẹ̀. Níbi ìpàdé àwọn ọ̀gá, tí ooru bá mú, tí gbogbo wọn bá jọ ń yí ìdí padà, ẹni tó bá wà lóde á rò pé ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ń kó sínú ọkọ̀.

Ọ̀gá wa àgbà ló pàṣẹ ọ̀rá náà. Ó ní ohun ìjọba ni, kí ó lè pẹ́. Ọ̀rá wà lórí àga mọ́tò rẹ̀, ó wà lórí tẹlifóònù rẹ̀, ó tún wà lójú ìwé-ẹ̀rí ẹ̀kọ́ oṣù mẹ́sàn-án tó lọ kọ́ ní Ìlú Ọba, èyí tó fi kọ́ ògiri lókè orí ara rẹ̀. Bí ó bá ń sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù, etí rẹ̀ á máa làágùn sínú ọ̀rá, á fi aṣọ ìnujú nu ún, á sì máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Èmi tí mo lo ọdún mẹ́rin ní yunifásítì nídìí ìwé ìtàn àti ewì ni wọ́n gbà síṣẹ́ kí n máa kọ ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin yìí yóò máa kà níwájú èrò. N kò ní purọ́, mo kọ ọ́ dáadáa.

Ilé alájà mẹ́rin kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni a kó wọ̀. Àwọn ológun ló ń ṣèjọba, òfin sì dé pé ilé ìjọba kan kò gbọdọ̀ ṣí láìsí ẹ̀rọ tí yóò ké bí iná bá ṣẹ́ níbẹ̀. Ilé ìjọba a máa jó nígbà náà, yàrá fáìlì ló sì sábà máa ń kọ́kọ́ gbiná, bí ẹni pé iná pàápàá lọ sílé-ìwé. Ilé-iṣẹ́ kan tó gba iṣẹ́ náà rán oníṣẹ́ ẹ̀rọ wọn sí wa. Ará Ìkirun ni, ó ti tó ẹni àádọ́ta ọdún, inú ilé pákó kan ní Life Camp, àgọ́ àwọn òṣìṣẹ́, ló ń gbé láàárín àwọn tó ń la títì. Kò dé yunifásítì kankan. Ilé ìhunṣọ kan ló ti kọ́ iṣẹ́, níbi tí òwú ti máa ń gbiná lemọ́lemọ́. Mò ń pè é ní ẹ̀gbọ́n, òun ń pè mí ní akọ̀wé. Ọ̀gá àgbà ní kí n máa tẹ̀ lé e kiri, kí n lè kọ bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́ sínú ọ̀rọ̀ tí òun yóò kà lọ́jọ́ ìṣílé.

Lọ́jọ́ kìíní, ó tẹ́ páálí sílẹ̀ nínú gbọ̀ngán, ó tú irúfẹ́ ẹ̀rọ aṣọ́ná kọ̀ọ̀kan sórí rẹ̀. Wọn ò tóbi ju àwo ọbẹ̀ lọ.

"Akọ̀wé, wá wò ó. Nínú àgọ̀ dúdú yìí, iná bíńtín kan wà, ojú kan sì wà. Wọn ò kọjú síra. Wọ́n fẹ̀gbẹ́ síra bí orogún. Bí afẹ́fẹ́ bá mọ́, ojú ò lè rí iná. Àmọ́ bí èéfín bá wọlé, ìmọ́lẹ̀ á bá èéfín, á ta padà, á bọ́ sójú. Ó kígbe nìyẹn."

"Kò rí iná fúnra rẹ̀, èéfín ló rí."

"O ti gbọ́ ọ. Èyí kejì kò ní ojú rárá. Èérún nǹkan kan wà nínú ẹ̀, kò tó ẹyọ ẹ̀gúsí, ó ń ta ìtànṣán tí a ò lè rí. Ìtànṣán yẹn ló jẹ́ kí iná mànàmáná tín-ín-rín máa gba inú afẹ́fẹ́ kọjá láti irin kan sí èkejì. Èéfín á dí i lọ́nà. Bí ó bá ti rí i pé mànàmáná náà rọ̀, ó kígbe. Èyí ló yá fún iná tó ń jó lala. Olójú ló dáa fún iná tó ń jẹra rẹ̀ lábẹ́lẹ̀, irú èyí tó máa ń jẹ ìwé àti tìmùtìmù."

Mo bi í léèrè ilé ìdáná.

"Bí o bá gbé eléèéfín síbẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n bá dín àkàrà ni gbogbo yín ó sá jáde. Ooru ni ká máa ṣọ́ níbẹ̀." Ó fi méjì hàn mí. Ti àkọ́kọ́ ní irin méjì tí wọ́n lẹ̀ pọ̀. Ọ̀kan nínú wọn máa ń yára gùn ju èkejì lọ bí ooru bá mú un, nítorí náà àwọn méjèèjì á jọ tẹ̀, wọn á sì kan wáyà. Ìkejì ní ikùn tó kún fún afẹ́fẹ́, ihò kan bí ojú abẹ́rẹ́ sì wà lára rẹ̀. Bí oòrùn bá rọra mú òrùlé gbóná, afẹ́fẹ́ á máa gba ihò jáde wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Bí iná bá dé lójijì, ihò ò ní gbà á, ikùn á wú, á sì ti irin. "Èyí mọ ìyàtọ̀ láàárín oòrùn Àbújá àti iná," ni ó wí.

Ó tún kọ́ mi níbi tí wọn kì í gbé wọn sí. Wọn kì í gbé e sí igun yàrá, nítorí afẹ́fẹ́ gbígbóná tó bá gòkè á tẹ́ sórí àjà bí omi tó dà nù, kò sì ní ráyè wọ igun. Wọn kì í gbé e síwájú ẹ̀rọ amúlétutù tí yóò fẹ́ èéfín dànù kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Wáyà apá kọ̀ọ̀kan nínú ilé á lọ sínú àpótí ìdarí lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngán, gílóòbù pupa tó bá tàn níbẹ̀ á sì sọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn àti ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ó kan àwọn àpótí kéékèèké onídíngí mọ́, fún ènìyàn tó bá rí iná kí ẹ̀rọ tó rí i. Ìgbọ̀nwọ́ ni wọ́n fi ń fọ́ díngí náà, aago á sì dún. Ó ń sọ̀rọ̀ iná bí ẹni ń sọ̀rọ̀ àna rẹ̀, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, láìfọkàn tán an.

Ẹ̀yìn náà ni a sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yàrá fáìlì. Abẹ́ ilẹ̀ ni. Fèrèsé rẹ̀ kò ju ti ilé adìyẹ lọ, irin sì wà lójú rẹ̀. Ilẹ̀kùn irin kan ṣoṣo ló ní. Fáìlì tí wọ́n kó wá láti Èkó kún ibẹ̀ dé àjà. Ìyá kan tó wá láti ìhà Kàbbà ló ń tọ́jú wọn, opó ni, kò ju ọdún díẹ̀ lọ tí yóò fẹ̀yìn tì. Nígbà tí a wọlé, ó ń se omi tíì rẹ̀ pẹ̀lú irin oníná kan tó tì bọ inú ife, láàárín òkè ìwé méjì.

"Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Ẹ má jẹ́ kí ìwé wó lù yín."

Ẹ̀gbọ́n wo irin oníná náà, ó wo ìwé, ó wo ilẹ̀kùn. A sì gòkè padà.

"Bí ibẹ̀ yẹn bá gbiná," ó wí, "ìṣẹ́jú mẹ́ta ni obìnrin yẹn ní. Ẹ̀rọ tí mo bá gbé sórí ẹ̀ ló máa fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́ta yẹn. Kò sí ohun mìíràn tó lè fún un."

Mẹ́ta ni ó yà fún yàrá fáìlì nínú àwòrán tó gbé síwájú ọ̀gá àgbà. Ọ̀gá àgbà na ìka sí i.

"Yàrá tèmi ní ẹyọ kan. Ta ló wà níbí tó ní mẹ́ta?"

"Ìwé ló kún ibẹ̀ sà," ni ẹ̀gbọ́n dáhùn. "Ibẹ̀ ni iná máa fẹ́ràn jù."

"Mo ní ta ló wà níbẹ̀."

"Ìyá tó ń tọ́jú fáìlì ni sà," ni mo wí.

"Ìpele mélòó ni?"

"Ìpele kẹta sà."

"Ìpele kẹta, ẹ̀rọ mẹ́ta. Èmi ọ̀gá àgbà, ẹyọ kan." Ó wo àwọn igbákejì rẹ̀. Wọ́n mi orí bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ fún. Bí a ṣe ń pín kápẹ́ẹ̀tì àti ẹ̀rọ amúlétutù ní ilé-iṣẹ́ wa nìyẹn, a sì pín ẹ̀rọ aṣọ́ná náà bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá àgbà gba mẹ́ta, ọ̀kan sì wọ ilé ìtọ̀ rẹ̀, níbi tó jẹ́ pé omi nìkan ló wà. Igbákejì kọ̀ọ̀kan gba méjì. Àwọn akọ̀wé gba ẹyọ kan láàárín yàrá méjì. Ti yàrá fáìlì ì bá má tiẹ̀ kù, bí kò bá ṣe pé ẹ̀gbọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ọ̀rá bò, tó bẹ̀bẹ̀ fún ẹyọ kan. Mo rí ẹni tó mọ iṣẹ́ tó dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, kí iná má baà pa ẹlòmíràn.

Kò tíì tán. Ọ̀rá fẹ́lẹ́ kan ni wọ́n fi bo ojú ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan láti ibi tí wọ́n ti ṣe é, kí erukutu ilé tí à ń kọ́ lọ́wọ́ má baà wọ̀ ọ́. Ọjọ́ tí iṣẹ́ parí ni wọ́n ń yọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n gun àkàbà nínú gbọ̀ngán láti yọ ti àkọ́kọ́, ọ̀gá àgbà sì kọjá.

"Kí lò ń ṣe níbẹ̀ yẹn?"

"Mò ń ṣí ojú wọn sà."

"Àlejò ọjọ́ ìṣílé kò tíì rí wọn, o ti fẹ́ sọ wọ́n di àlòkù?"

"Èéfín ò lè wọlé bí ọ̀rá bá wà níbẹ̀ sà. Bí ẹni fi ìrọ̀rí bo imú èèyàn ni."

"Ṣé o ti rí mọ́tò mi? Ọ̀rá wà lórí àga rẹ̀. Ṣé mọ́tò ò rìn ni?"

Àwọn igbákejì rẹ́rìn-ín, ọ̀kan nínú wọn ní ọ̀gá ti sọ ọ́ tán. Èmi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Mo tilẹ̀ kọ gbólóhùn náà sílẹ̀, mo ní yóò dùn nínú ìwé lọ́jọ́ kan. Wò ó níbí.

Ẹ̀gbọ́n sọ̀ kalẹ̀. Ìwé kan wà lápò rẹ̀ tí òfin ní kí ó fọwọ́ sí, tó sọ pé ó ti dán ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan wò, ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan sì gbóòórùn èéfín. Ó ní òun ò ní fọwọ́ sí i títí ọ̀rá yóò fi kúrò. Ọ̀gá àgbà ní kò sí wàhálà, yóò fọwọ́ sí i níwájú àlejò, ṣùgbọ́n ọ̀rá ò ní kúrò.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìṣílé, ọ̀gá àgbà pè mí wọ yàrá.

"Akọ̀wé, o ti gbọ́ pé ẹ̀rọ náà ò ní dún."

"Wọ́n ní bí a bá yọ ọ̀rá sà..."

"N ò bi ọ́ ní ti ọ̀rá. Àpótí onídíngí kan wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́yìn kọ́tìnì. Dúró síbẹ̀. Bí mo bá gbé ọwọ́ sókè, kí o fọ́ ọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni sà."

Ohun tí mo fi ìmọ̀ yunifásítì dá a lóhùn kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àlejò náà jẹ́ ológun láti òkè Ọya. Láti ẹ̀yìn kọ́tìnì tí mo ti ń yọjú ni mo ti gbọ́ tí ọ̀gá àgbà ń ka ọ̀rọ̀ mi, tó ń fi gbólóhùn tí mo fi òru méjì ṣiṣẹ́ lé lórí nu ẹnu bí aṣọ ìnujú. Dírẹ́bà ọ̀gá àgbà gbé agolo tí páálí ń rú èéfín nínú rẹ̀, ó gun àga, ó nà án sókè sábẹ́ ẹ̀rọ. Èéfín gòkè. Ó lu ọ̀rá, ó tẹ́ yíká, ó ń wá ọ̀nà bí àlejò tí wọn ò ṣílẹ̀kùn fún. Ọ̀rá náà dúdú ní ojú kan. Àwọn tó wà níwájú bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Kò sí ohun tó dún. Ọ̀gá àgbà gbé ọwọ́ sókè.

Mo fọ́ díngí. Aago dún débi tí eyín fi ń dun ni. Gbogbo gbọ̀ngán pàtẹ́wọ́, àlejò náà ní, "Kai," ó mi orí, ó sì rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀gbọ́n nìkan kò pàtẹ́wọ́. Ẹ̀gbẹ́ àpótí ìdarí ló dúró sí, ó sì rí gílóòbù tó tàn. Ti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni. Wọ́n pè é síbi tábìlì, wọ́n tẹ́ ìwé síwájú rẹ̀, wọ́n fún un ní bírò, ayàwòrán sì ti kúnlẹ̀. Ó gbé bírò sílẹ̀. Ó fi Yorùbá sọ̀rọ̀ sí ọ̀gá àgbà, ohùn rẹ̀ kò ga.

"Ẹ̀rọ yìí ò dún sà. Díngí ni wọ́n fọ́ lóde. Ìyá kan wà nísàlẹ̀ ilé yìí. N ò lè fi orúkọ mi bò ó mọ́lẹ̀."

Àlejò bi ọ̀gá àgbà ní ohun tó sọ.

Ọ̀gá àgbà rẹ́rìn-ín, ó sì túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì: "Ó ní inú òun dùn débi pé ọwọ́ òun ń gbọ̀n. Ó ní kí ẹlòmíràn bá òun fọwọ́ sí i."

"Yauwa," ni àlejò fi Haúsá yìn ín, ó sì gbá ẹ̀gbọ́n léjìká.

Ẹ̀gbọ́n wo ojú èrò bóyá yóò rí ẹni tó gbọ́ Yorùbá. A pọ̀ níbẹ̀. Mo ti jáde lẹ́yìn kọ́tìnì nígbà náà, díngí ṣì wà lápá aṣọ mi. Ojú wa ṣe mẹ́rin, mo wo bàtà mi. Ọ̀gá àgbà pè mí, ó ní, "Akọ̀wé, ìwọ lo kàwé nínú gbogbo wa. Wá fọwọ́ sí i." Mo fọwọ́ sí i. Ìwé ìtàn àti ewì ni mo kà jáde, mo sì fi orúkọ mi jẹ́rìí sí ojú, ìtànṣán, irin méjì àti ikùn afẹ́fẹ́ ní ilé alájà mẹ́rin. Àwòrán náà jáde dáadáa. Wọ́n fi kọ́ ògiri ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ìwé tí mo fọwọ́ sí, wọ́n sì fi ọ̀rá bo ojú wọn.

Lẹ́tà tí wọ́n kọ sí ilé-iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n, pé aláìgbọràn ni, èmi ni mo kọ ọ́. Ọ̀gá àgbà sọ ọ́ lẹ́nu, mo bá a tún un ṣe kí ó lè dùn kà. Wọ́n ní kí ẹ̀gbọ́n kó ẹrù rẹ̀. Lọ́sàn-án Sátidé, mo lọ kí i ní Life Camp. Ó ń di irinṣẹ́ sínú àpótí pákó. Mo ti múra sílẹ̀ fún èébú, mo tilẹ̀ fẹ́ ẹ.

"Jókòó," ó wí. "Ìyá ìsàlẹ̀ ńkọ́?"

"Wọ́n wà."

"Wọ́n ti yọ ọ̀rá orí ẹ̀?"

"Rárá."

"Kò le. Di etí rẹ̀ mú, kí o fà á sísàlẹ̀. Ó máa jábọ́ bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀. O ò nílò òye kankan." Ó ti ìdérí àpótí. "Ẹyọ kan yẹn péré. Àwọn yòókù, kí wọ́n máa dán."

Mo ṣèlérí fún un. Láàárọ̀ Mọ́ńdè, kí àwọn ọ̀gá tó dé, mo yá àkàbà lọ́wọ́ àwọn kápẹ́ńtà. Yàrá tèmi ni mo kọ́kọ́ gbé e wọ̀. Mo di etí ọ̀rá mú, mo fà á, ó jábọ́ bí ó ṣe wí. Mo ká a sápò. Ẹ̀rọ orí mi ń mí. Lẹ́yìn náà ni mo tó gbé àkàbà sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yàrá fáìlì. Mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń ka èyí mọ bí mo ṣe tò ó.

Ìyá náà ti dé, irin oníná sì ti wà nínú ife.

"Ẹ káàárọ̀ ọ̀gá. Kí lẹ fẹ́ gùn?"

"Mo fẹ́ yọ ọ̀rá tó wà lójú ẹ̀rọ yẹn ni, màmá. Bí kò bá kúrò, kò ní gbóòórùn iná."

Ó dìde, ó dúró síwájú àkàbà.

"Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ dákun. Ọ̀gá àgbà wá ka nǹkan yàrá yìí lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n kọ ọ́ pé tuntun ni, pẹ̀lú ọ̀rá ẹ̀. Bí wọ́n bá padà wá tí wọn ò bá a, èmi ni wọn ó ní mo bà á jẹ́. Ó ku ọdún méjì kí n fẹ̀yìn tì."

"Èmi ni mo yọ ọ́, màmá. Màá sọ fún wọn."

"Mo gbà yín gbọ́. Àmọ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi." Ó fa bébà kan yọ, ó gbé e ka orí fáìlì, ó tún un tẹ́ pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́. "Ẹ kọ ọ́ pé ẹ̀yin lẹ yọ ọ́, pé bó ṣe yẹ kó wà nìyẹn. Kí ẹ fọwọ́ sí i. Màá fi pamọ́ sáàárín aṣọ mi, n ò ní fi han ẹnikẹ́ni àfi tí wọ́n bá bèèrè."

Mo gba bírò. Mo mọ̀ pé wọn yóò bèèrè. Orúkọ mi wà lógiri ẹnu ọ̀nà, ó ń sọ fún gbogbo ayé pé ẹ̀rọ yìí ti ń gbóòórùn láti ọjọ́ ìṣílé. Bí mo bá fọwọ́ sí bébà ìyá yìí, orúkọ kan náà ni yóò máa sọ pé irọ́ ni. Ọ̀gá àgbà ò ní mú ju ẹyọ kan lọ nínú méjèèjì, mo sì ti mọ èyí tí yóò mú, mo mọ irú lẹ́tà tí yóò tẹ̀ lé e, àfi pé ẹlòmíràn ni yóò bá a tún un ṣe. Ìyá náà ń dúró. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í hó nínú ife.

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n lọ ronú sí bí màá ṣe kọ ọ́," ni mo wí. "Mò ń padà bọ̀."

"Ẹ má ṣe ìyọnu. Ó tiẹ̀ dáa bó ṣe wà yẹn. Ó ń dán."

Mo lo ọdún mẹ́ta sí i nílé náà, n kò padà. Iná ò ṣẹ́ níbẹ̀ títí mo fi kúrò, ìyẹn kì í sì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ mi. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, nígbà tí mo gbé àkàbà, ìyá náà bá mi gbé ẹ̀yìn rẹ̀ títí dé ẹnu ọ̀nà. Ilẹ̀kùn irin náà há. Ó ní bẹ́ẹ̀ ló máa ń ṣe láràárọ̀, òun á kàn máa fà á títí yóò fi gbà. Èmi àti òun la jọ di í mú, a fi ẹsẹ̀ ti ògiri, a fà á, ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó ṣí.